Ta Ni À Ń Bọ́?

Tí oṣù kẹrin bá ti ń wọlé ní Amẹ́ríkà, ilé Yorùbá ní Houston a di ọ́fíìsì. Bàbá ń wá W-2, fọ́ọ̀mù owó iṣẹ́, ìyá ń wá rìsíìtì, torí ọjọ́ 15 ló sábà máa ń jẹ́ gbèdéke ìwé owó orí. Ìjọba wá ní ká kọ orúkọ àwọn tí à ń bọ́ sínú ìwé náà. Ọmọ wọlé. Màmá n'Íbàdàn, tí à ń fowó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù ńkọ́? Òfin ní ó tì: àfi ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tó ń gbé níbẹ̀, ní Kánádà tàbí ní Mẹ́síkò. Mẹ́síkò, níbi tí a ò ní ará kankan! Àna tó ń gbowó aṣọ ẹbí, ìjọba ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá o. Wọn á ní ìyàwó ló kọ òfin náà.