Àgbà Gun Òkè, Kò Rí Nǹkan

Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí òkè, kò lè rí i. Ẹni tó pa òwe yìí kò dé òkè Catskill nígbà ooru. Ká ní ó dé ibẹ̀ ni, ìbá bá àgbà lórí òkè, ìbá bá ọmọdé lórí òkè, ìbá bá ajá tí wọ́n wọ bàtà fún lórí òkè, kò sì ní bá ẹnì kan ní ìjókòó. Gbogbo wọn ló ń gùn. Ohun tí wọ́n ń lọ wò níbẹ̀ ni kò yé mi, nítorí bí wọ́n bá ti débẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí i, tí wọ́n á na fóònù síwájú.

Àríwá ìlú New York ni àwọn òkè Catskill wà, nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta bí mọ́tò bá ń sáré. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú omi tí ará New York ń mu ti ń ṣàn wá, tó fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn wa ní Bronx àti Brooklyn ń fi omi òkè Catskill ro àmàlà, wọn ò mọ̀. Bí oṣù kẹfà bá wọlé, tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú nígboro, ẹni tó ní mọ́tò á di ẹrù, ó di òkè. Eré orin ń bẹ nínú igbó, àwòrán ń bẹ fún títà, àgọ́ ń bẹ tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì olówó gọbọi sí. Ẹni tó jẹ gbèsè ọgbọ̀n ọdún nítorí ilé yóò lọ sanwó kó lè sùn lábẹ́ aṣọ.

Wèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1824 ni wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan sí etí òkè náà, tí wọ́n ń pè ní Catskill Mountain House. Àwọn olówó á jí ní ìdájí, wọn á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó mẹ́tàlá, wọn á máa wo bí oòrùn ṣe ń yọ ní òdìkejì odò Hudson. Àwọn wọ̀nyí lo òwe náà dójú àmì: ìjókòó ni wọ́n fi ń rí i. Ìjókòó ọ̀hún wá dùn mọ́ wọn débi pé ní 1892, wọ́n ṣe rélùwéè tó ń fi okùn irin fa ènìyàn gòkè tààrà, kí ìdí má baà kúrò lórí àga. Kí a tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwa náà ti gbé ẹ̀rọ agbénisókè sí Olúmọ, òkè tí àwọn Ẹ̀gbá fi ẹsẹ̀ gùn nígbà tí ogun ń lé wọn bọ̀.

Kaaterskill gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Omi kan ń já láti orí àpáta níbẹ̀, ìpele méjì, gíga rẹ̀ tó 260 ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà ooru, omi ọ̀hún máa ń fà. Láyé ọjọ́un, òtẹ́ẹ̀lì kan wà lókè rẹ̀, Laurel House. Àwọn onílé náà ronú, wọ́n sé omi mọ́ ẹ̀yìn ìdènà. Bí àlejò bá dé, á san sẹ́ǹtì 25, wọn á ṣí omi, omi á ya wálẹ̀ gùdùgùdù, àlejò á ké háà, wọn á tún sé e pa. Iṣẹ́ Olódùmarè ni wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lẹ́nu yẹn. Mo mọ àwọn kan nílé tí ọ̀rọ̀ náà kò ní tán síbẹ̀ fún: owó wíwò lọ́tọ̀, owó gbígbọ́ ìró rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní 1825, ayàwòrán ọ̀dọ́mọdé kan, Thomas Cole, gòkè lọ síbẹ̀. Àwòrán àwọn òkè yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wárí fún. Ó dára lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ya omi Kaaterskill, wọ́n ti kan pèpéle ìwòran àti irin ìdìmú sí etí àpáta náà fún àwọn àlejò. Cole kò ya ọ̀kankan nínú wọn. Ó gbá gbogbo rẹ̀ kúrò, ó wá fi ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan ṣoṣo dúró síbẹ̀, bí ẹni pé ẹsẹ̀ olówó kan kò tíì tẹ ibẹ̀ rí.

Ohun tí Cole fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe ni mo bá àwọn èrò tí wọ́n ń fi ìka ṣe. Ìjọba ti ṣe àtẹ̀gùn, wọ́n ti ṣe pèpéle, nítorí àwọn tó ti já bọ́ níbẹ̀. Lórí pèpéle ọ̀hún, ìlà gùn. Ọmọbìnrin kan wọ gáùn funfun gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, gáùn lórí òkè, ó ní kí bàbá kan jọ̀ọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí apá ìyá kan má hàn, kí ọmọ tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn fara pamọ́, kó lè dà bíi pé òun nìkan ló wà nínú igbó. Àwa bí ogójì la dúró gbagidi kí ẹnì kan lè dá wà. Nígbà tí wọ́n yà á tán, ó wo fóònù, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó tún wò ó. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní omi náà kéré. Ọkọ rẹ̀ ní kò burú, àwọn á fi kún un bí àwọn bá délé.

A kì í gun òkè kí a lè ríran mọ́. À ń gùn ún kí wọ́n lè rí wa. Ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ wà ní Catskill, kí wọ́n tó gbà ọ́ wọlé, o ní láti gun òkè 33 tó ga ju 3,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ, kí o sì tún padà gun mẹ́rin nínú wọn nígbà yìnyín. Eré ìdárayá kò burú. Àmọ́ igi ló bo orí púpọ̀ nínú àwọn òkè náà. O làágùn débẹ̀ tán, igi lo rí. Ọmọdé inú òwe kò jìyà tó báyìí.

Nísàlẹ̀, ní ìlú Woodstock, wọ́n ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó orúkọ ìlú, wọ́n ń ra ṣẹ́ẹ̀tì, nítorí àjọ̀dún orin oṣù kẹjọ ọdún 1969 tó kó ènìyàn tó ju 400,000 jọ. Wọn ò ṣe é níbẹ̀. Oko Max Yasgur, olówò wàrà, ní Bethel ni wọ́n ti ṣe é, ibẹ̀ sì ju ogójì máìlì lọ. Onísọ́ọ̀bù mọ̀. Kò ní bá ọ jiyàn. Yóò bi ọ́ bóyá ńlá lo fẹ́ tàbí kékeré.

Àwọn tó jókòó wá ńkọ́? Òwe náà kò gbè wọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Gbọ̀ngàn pákó kan wà nínú igbó lẹ́yìn Woodstock, Maverick, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà kọ́ ní 1916. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sí igbó, ẹyẹ ń bá olórin gbè é. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1952, David Tudor jókòó ti píánò níbẹ̀, ó pa ìdérí rẹ̀ dé, ó ń wo aago. Kò tẹ nǹkan kan. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 33, ó dìde. Orin tí John Cage kọ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ nínú igi, òjò kán sórí òrùlé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn kan gba ẹnu ọ̀nà lọ. Cage ní ohun tí wọ́n gbọ́ yẹn gan-an ni orin. Nínú ìjíròrò tó tẹ̀lé e, ẹnì kan dìde, ó ní kí àwọn ará ìlú lé àwọn olórin náà jáde.

Mo bá wọn kẹ́dùn o. Bí àyàn bá gbé gángan kọ́ èjìká lóde ìnáwó ní Muṣin, tí kò lù ú, a ó ká owó tí a lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, àgbà ni wọ́n, ìjókòó ni wọ́n wà, orin ń lọ létí wọn, wọ́n ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ.

Ní 2014, wọ́n sọ orin náà di áàpù. O tẹ̀ ẹ́, fóònù á gba gbogbo ìró àyíká rẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àáyá 33, o sì lè fi í síta fún gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n kan ní Bronx, tí orúnkún kò jẹ́ kó bá wa gòkè, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí ọmọ òun gbé e sórí fóònù òun, òun náà fẹ́ gbọ́ orin òkè. Ohun tó gbà sílẹ̀ ni ariwo áńbúláǹsì, ẹni tó ń fi bàtà gogoro rìn lórí àjà, àti ohùn ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìdáná: "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò ní gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí ọbẹ̀ yìí tó tutù ni?" Kó tó mọ̀, ó ti fi í síta.