Okùn Ni Kẹ́ ẹ Fà, Ẹ Má Fa Ìjà

Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ èmi Ẹ̀gbọ́n Allen ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọkọ tó ń yan àlè àti ìyá ọkọ tó kọ̀ tí kò padà sábúlé ló máa ń pọ̀ jù. Ní báyìí, jẹnẹrétọ̀ ló ń fìyà jẹ yín ju ọkọ lọ. Àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ń rí iná jù, ń sunkún owó iná tí wọ́n gbé dé náírà 225 lórí yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ń sunkún okùn jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ àwọn olókùn.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Mo ń tẹ̀wé, mo sì ń ṣe fọ́tókópì nítòsí ráńdàbáótì Allen ní Ìkẹjà, l'Ékòó. Jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" ni mo ń lò. Láràárọ̀ ni mo ń fa okùn títí apá á fi fẹ́ẹ̀ yẹ̀, kò ní dáhùn. Báábà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń fa tiẹ̀, á sì sítáàtì. Ìyàwó mi ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. — Aléjìká Ríro*

Aléjìká, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ra ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ẹ ti kọjá aládùúgbò, aládùúgbò wá ń kọjá yín láràárọ̀. Ó dunni. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó yín tó gbààwẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo súwíìsì iwájú ẹ̀rọ náà. Ṣé ó wà ní "ON"? Ẹ wo tápù abẹ́ táńkì. Ṣé ó ṣí? Ẹ má bínú pé mo bi yín. Bí gbogbo ẹni tó ti fi súwíìsì sí "OFF" tó sì ń bá àwọn àjẹ́ ṣẹ́jọ́ bá tò sórí ìlà, wọ́n á dé Opebi.

Bí ìyẹn kọ́ bá ni, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì. Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Bí orí rẹ̀ bá tutù rinrin, tó ń rùn fún epo, ẹ ti fún ẹ̀rọ náà mu yó. Ẹ ti tápù, ẹ nu pílọ́ọ̀gì kó gbẹ, kẹ́ ẹ sì fa okùn nígbà mélòó kan láì tíì dá a padà, kí epo àpọ̀jù lè jáde. Kí ẹni tó ń mu sìgá lọ mu ún ní Toyin Street. Bí orí rẹ̀ bá sì gbẹ táútáú, epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Kábúrétọ̀ ló dí nìyẹn. Epo tẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀ látìgbà Iléyá ti dì sínú ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ má sì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹnu ara wọn sọ pé epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ ìlú. Methanol a máa fa omi mọ́ra. Ẹ̀bi kì í ṣe ti kábúrétọ̀ nígbà gbogbo.

Bí orí rẹ̀ bá dúdú tó ń yọ̀, ẹ̀bi yín ni, mo sì mọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Two-stroke ni ẹ́ńjìnnì yín. Kò ní ibi tó ń tọ́jú ọ́ìlì sí nísàlẹ̀; inú epo la ti ń po ọ́ìlì fún un. 50 sí 1 ni ti ọ̀pọ̀ wọn: mìlílítà 20 ọ́ìlì two-stroke sínú lítà epo kan, 80 sínú lítà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìdérí ìgò lẹ fi ń wọn tiyín, tẹ́ ẹ bá sì wọ̀n ọ́n tán, ẹ tún ń ta díẹ̀ sí i "kó lè lágbára". Kò ní lágbára. Ọ́ìlì àpọ̀jù á lẹ̀ mọ́ pílọ́ọ̀gì, á di èédú sínú sàìlẹ́ńsà, èéfín ò sì ní ríbi jáde. Bó bá kéré jù ńkọ́? Písítìnnì á há, rewire tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe á sì fi owó yín ra ilẹ̀.

Ẹ ki pílọ́ọ̀gì tẹ́ ẹ ti nù bọ fìlà rẹ̀, ẹ fi irin ara rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, níbi tí epo ò tíì dà sí, kí ẹnì kan sì fa okùn. Iná búlúù gbọ́dọ̀ ta pàì. Bí kò bá ta, ẹ ra òmíràn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan ẹ̀rọ náà láàárọ̀, ẹ pa ṣóòkù. Bó bá ti ké, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ṣóòkù ní pípa, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá kọ̀, ẹ lọ bá báábà náà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ẹ sọ fún un níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ní gbogbo Allen, kò sẹ́ni tó mọ okùn fà tó o. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ni á máa wá bá yín fà á láràárọ̀, èjìká tiẹ̀ ni á sì máa kọ lẹ́tà sí mi.

*Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ ni mo ń tà ní Toyin Street. Jẹnẹrétọ̀ mi ń tan dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ṣe díẹ̀, á kú. Bí mo bá ṣí ìdérí táńkì láti wo epo, á ṣe "fíìì", mo bá tún fa okùn, á sì tan. Rewire ti pààrọ̀ kábúrétọ̀, kọ́ìlì àti pílọ́ọ̀gì, owó ti tán lọ́wọ́ mi. — Ìyá Ṣọ́ọ̀bù*

Àǹtí, "fíìì" yẹn ti jẹ́rìí tán. Ihò tíntín kan wà lára ìdérí táńkì, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Eruku ti dí i. Atẹ́gùn ò wọlé, epo ò sì lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ẹ má bá rewire jà. Ẹ pè é, ẹ ra kóòkì tútù fún un. Ẹ mú abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń rán bọ́tìnnì, ẹ la ihò náà níṣojú rẹ̀, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó mu kóòkì náà tán. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá béèrè kábúrétọ̀ yín àtijọ́.

*Ẹ̀gbọ́n, olè pọ̀ lágbègbè wa ní Agége, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí lóru. Kì í tètè tan níbẹ̀. — Ayálégbé*

Ẹ dúpẹ́ pé kì í tètè tan. Mi ò ní fi èyí ṣàwàdà. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ. Ẹni tó bá sùn kò ní jí láti sá. Ẹ gbé e síta, jìnnà sí fèrèsé, ẹ fi ṣéènì dè é. Bí kò bá síbi tẹ́ ẹ lè dè é sí, ẹ pa á, kẹ́ ẹ sùn nínú ooru.

*Ẹ̀gbọ́n, gòsílóò láti Allen dé Oba Akran ti sú mi. Mo rí paramotor lórí YouTube: èèyàn gbé ẹ́ńjìnnì two-stroke kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń fò. Jẹnẹrétọ̀ mi ni mo fẹ́ fi ṣe é. — Ọmọ Ẹyẹ*

Àbúrò, jẹnẹrétọ̀ rẹ, 63 cc ni. Ó ń mí hẹlẹ bó o bá so fìríìjì mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì paramotor Moster 185 tí Vittorazi ń ṣe ní Ítálì, agbára ẹṣin 25 ló ní. Òun náà kì í pẹ́ kọ̀: awọ pẹlẹbẹ inú kábúrétọ̀ rẹ̀ a máa le, páìpù epo tó bá là a máa fa atẹ́gùn dípò epo, pílọ́ọ̀gì a sì máa tutù. Paramotor ti gé ìka ọ̀pọ̀ èèyàn pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ń tan án nílẹ̀ tí ọwọ́ wọn sì wọ inú abẹ́bẹ̀ rẹ̀. Àti pé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí wọ́n ṣí ní 1979, kò jìnnà sí Allen rárá. Àwọn tó ń darí bàálù á rí ọ kí ìyá rẹ tó rí ọ.

Wọ dánfó. Bó bá kú lójú ọ̀nà, ẹ ó jọ sọ̀ kalẹ̀ tì í ni. Èyí tó bá kú lókè Opebi, ta ni yóò bá ọ tì í?

Lẹ́tà tó kù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó fi kábúrétọ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú àpòòwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá gbé e. Epo ti jò sórí tábìlì mi.