Ìjàpá Tó Ń Mú Ọkọ̀ Le

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, àti àwọn ẹranko tó ní ọkọ̀ aláìlórùlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìjàpá rìn títí, ó rìn dé Abingdon. Abingdon yìí ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ MGB láti 1962 títí di 1980 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Nígbà tí Ìjàpá fi máa débẹ̀, ọkọ̀ ti dàgbà, àwọn tó ni wọ́n náà ti dàgbà. Àgbọ̀nrín ní ọ̀kan. Ehoro ní ọ̀kan. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní méjì, ọ̀kan kì í rìn. Ìyá Òwìwí ti ní tirẹ̀ láti ìgbà tí òwìwí ṣì ń ríran lọ́sàn-án.

Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ o, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Ti 1975 ni ọkọ̀ Àgbọ̀nrín. Amẹ́ríkà ṣòfin lórí bọ́ńpà, ni àwọn ará Abingdon bá gbé ọkọ̀ ga sókè ní nǹkan bí íǹṣì kan, wọ́n fi rọ́bà dúdú gbàǹgbà sí i nímú, wọ́n sì yọ sítábíláísà iwájú, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì ní kọ́nà, kúrò. Bí Àgbọ̀nrín bá dé kọ́nà, ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí tó ń wá ọ̀nà ilé.

Ìjàpá gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó sọ fún Yánníbo pé, "Ibi tí ẹjọ́ tòótọ́ bá wà, ibẹ̀ ni irọ́ mi ti máa ń ríbi jókòó."

Ó kó wọn jọ. Ó gun orí táyà. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ yín rọ̀ jù. Rírọ̀ ló ba tiyín jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú un le. Ó máa dùn yín lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fara dà á. Ìrora lẹ máa fi mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá Òwìwí nìkan ló bèèrè ọ̀rọ̀. "Ìjàpá, ṣé o ti wo ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì wọn ná?" Ṣọ́ọ̀kì MGB kì í ṣe èyí tó gùn bí ọ̀pá, tí ẹ mọ̀. Àpótí irin kékeré ni, apá yọ lára rẹ̀, ọ́ìlì ló ń mu. Ti iwájú ló tún di ẹsẹ̀ táyà mú lókè. Bí ọ́ìlì bá tán nínú rẹ̀, ọkọ̀ á máa jó lójú títì.

Ìjàpá ní, "Ìyá, ti ayé àtijọ́ nìyẹn." Gbogbo wọn fi Ìyá Òwìwí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́.

Ni Ìjàpá bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ayùn gé sípíríǹgì iwájú. Ó ki irin sí ìdí sípíríǹgì pẹlẹbẹ tẹ̀yìn, ìdí ọkọ̀ wálẹ̀. Ó yọ búṣì rọ́bà, ó fi oníke líle rọ́pò. Ó wá sítábíláísà tó ki pọ́pọ́, ó dè é mọ́ iwájú. Gbogbo ohun tó bá yọ, àpò ló ń kó o sí. "Ẹ má ṣèyọnu, òkú irin ni, màá bá yín dà á nù." Owó ń wọlé. Àpò ń kún.

Wọ́n gbé ọkọ̀ jáde. Títì ìlú dán, orí wọn wú. Wọ́n wọ ọ̀nà oko. Gálọ́ọ̀pù kan péré, eyín Ehoro méjèèjì gbára wọn. Ọkọ̀ kò ríbi rì sí mọ́, abẹ́ rẹ̀ ti jókòó lé rọ́bà tó yẹ kó máa dá a dúró lọ́jọ́ ìṣòro nìkan. Táyà fò kúrò nílẹ̀. Táyà tí kò sí nílẹ̀ kò sì mọ kọ́nà. Ọ̀nà yà, ọkọ̀ ò yà. Inú oko kárọ́ọ̀tì ni Ehoro bá ara rẹ̀. Òun nìkan ló rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Búṣì oníke wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dún títí, ó dorin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá, ẹ̀yìn ń ro wá o,
*Kíín-kìn, ẹ fara dà á.*
Eyín Ehoro fẹ́ yọ o,
*Kíín-kìn, ẹ fara dà á.*
A fowó wa ra ìrora,
*Kíín-kìn, ẹ fara dà á.*
Ta ló wà lórí tìmùtìmù?
*Kíín-kìn, ẹ bi Yánníbo.*

Wọ́n lọ bá Ìjàpá. Ìjàpá ní, "Kò tíì le tó ni." Ó tún mú un le. Ó tún gbowó. Wọ́n tún lọ, wọ́n tún ṣubú sóko. Wọ́n tún padà wá. Ìjàpá ní, "Ó kù díẹ̀." (Ẹ má wo ojú mi. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.)

Olè ní ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dìde lóru, ó yọ́ lọ sílé Ìjàpá. Ó bá ọkọ̀ Ìjàpá lórí ìrìn. Rọ́bà ni gbogbo búṣì rẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ pé. Yánníbo jókòó síwájú, ó mú kọ́ọ̀bù tíì dání, wọ́n gba orí gálọ́ọ̀pù kọjá, tíì ò dànù. Nínú ṣẹ́ẹ̀dì, òkú irin ọjọ́sí rèé, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti kùn wọ́n ní dúdú, ó ti dì wọ́n fún títà nílùú kejì.

Ilẹ̀ mọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ròyìn ohun tó rí fún àwọn yòókù, ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Òwìwí. Ìyá ò sọ̀rọ̀. Ó fi ìyẹ́ tẹ imú ọkọ̀ rẹ̀. Ó rì. Ó dìde. Ó dúró. Kò jó.

Wọ́n ní, "Ìyá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo bu ọ́ìlì sí ṣọ́ọ̀kì. Mo ń fún ẹsẹ̀ iwájú ní gíríìsì ní gbogbo 3,000 máìlì. Mo pààrọ̀ táyà tó ti gbó, mo sì ń wo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Mo ra búṣì rọ́bà tí wọ́n ṣe fún MGB onísílíńdà mẹ́jọ, ó le ju tiwa lọ, síbẹ̀ rọ́bà ni. Mo lọ ṣe àlímẹ́ǹtì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó fi sítábíláísà tó fi díẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Sípíríǹgì ńkọ́?"

"Mo fi í sílẹ̀. Kò ṣẹ̀ mí."

Ó gbé Àgbọ̀nrín sí ẹ̀gbẹ́, ó fi eré wọ kọ́nà. Ìwo Àgbọ̀nrín ò tilẹ̀ mì.

Wọ́n lọ mú Ìjàpá. Wọ́n ní kó dá gbogbo irin padà sí àyè rẹ̀, ọkọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Wọ́n dá a délẹ̀, wọ́n kọ àyà rẹ̀ sókè, wọ́n tì í sábẹ́ ọkọ̀. Kò nílò pákó tí mẹkáníìkì ń sùn lé. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ̀ geere. Ọ́ìlì ń kán sí i lójú, tó, tó, tó. Ó dé búṣì tó kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Wọ́n wọ́ ọ jáde. Ó ń fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbá afẹ́fẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí mi padà!"

Ìyá Òwìwí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lójú. "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí gan-an, Ìyá!"

"Ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.