Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Lórí Ìwé Orúkọ Àwọn Aláriwo

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kẹta tí ẹ ń ti ara yín: ẹ dákẹ́, àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló ń bọ̀.

Kò sí ìwé tó lọ́lá ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa tó ìwé orúkọ àwọn aláriwo. Bí tíṣà bá ti jáde, mọ́nítọ̀ á fa bébà ya, ìjọba tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fún un ní gúgúrú, ariwo rẹ̀ kì í dé etí mọ́nítọ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní bírò, orúkọ rẹ̀ á wọlé ní ìlọ́po mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun lọmọ ọ̀hún ń sùn. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè ibi tí àwọn olóṣèlú wa ti kọ́ṣẹ́.

Mo wá fi gbogbo irùngbọ̀n mi béèrè: ìwé orúkọ àwọn tó ṣe dáadáa dà? Ọmọ tínú bí, tó di ẹ̀ṣẹ́, tó tún rántí ara rẹ̀ tó tú u, ta ló rí i? Ohun tí a bá ń tìtorí rẹ̀ pe orúkọ ọmọ, òun ni yóò máa ṣe. Ẹ má sì fi "o káre" lásán tàn án. Ẹ sọ ohun tó ṣe: "Mo rí i pé o dúró kí ẹgbẹ́ rẹ kọ́kọ́ bu omi."

Àwọn bàbá wa ní ọwọ́ kan là ń fi bá ọmọ wí, èkejì là ń fi fà á mọ́ra. Mo wá ọwọ́ kejì yìí títí ní kíláàsì. Pàṣán wà nínú ọ̀kan, ṣọ́ọ̀kì wà nínú èkejì.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó wá burú jù lórí bébà mọ́nítọ̀ ni sísọ Yorùbá. Wọ́n já pẹ́ńsù gbà lọ́wọ́ ọmọ, ó fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó fi ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò ju ti ìkíni àárọ̀ lọ. Kí ló kù bí kò ṣe ẹ̀ṣẹ́? Bẹ́ẹ̀, láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún 6 gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, bí ọmọ méjì bá jà, kí pàṣán sinmi ná. Kí ọ̀kan sọ ohun tó dùn ún, kí èkejì tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ, kí wọ́n tó pààrọ̀ ipò. Tíṣà tí owó oṣù rẹ̀ ò tíì wọlé náà lè sọ pé inú òun ò dùn lónìí. Ó sàn ju kó fi ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ sọ ọ́ lọ.

Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, dìde. Ta ló ní kó o kúnlẹ̀? Mo rí i pé o sún kí ọmọ tuntun yẹn lè ríbi jókòó. Mọ́nítọ̀, kọ orúkọ rẹ̀. Fi àmì ohùn sí i.