Lẹ́tà sí Bọ̀dá wa tó ń bèèrè IBAN

Bọ̀dá wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Jámánì. A rí iṣẹ́ tí ẹ rán, pé owó òrùlé ilé Màámi ti délẹ̀, IBAN wa (nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ti àgbáyé) nìkan lẹ ń dúró dè. Ẹ tún ní ìlú tí kò bá ní IBAN kò tíì lajú. Ẹ̀yin Bọ̀dá! Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń wá ohun tí ẹ máa fi di owó mú?

Lóòótọ́, Nàìjíríà ò ní IBAN. Amẹ́ríkà náà ò ní, Kánádà ò ní. Ẹ bá mi kéde fún wọn pé ojú wọn ò tíì là. Yúróòpù ni wọ́n ti nílò rẹ̀ jù nígbà tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1997, torí bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì kò bá ti èkejì mu. Èyí tí ẹ fi ń yangàn yẹn, 22 ni gígùn rẹ̀: DE fún Jámánì, nọ́ńbà méjì fún àyẹ̀wò, mẹ́jọ fún báǹkì, mẹ́wàá fún àkáǹtì yín. Ti Nọ́wè jẹ́ 15 péré, ti Málítà jẹ́ 31. Ṣé Málítà wá lajú jù yín lọ nìyẹn?

Nọ́ńbà àyẹ̀wò yẹn nìkan ni mo kan sáárá sí. Kọ̀ǹpútà á gbé mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, á sọ D di 13, E di 14, á wá fi 97 pín gbogbo rẹ̀. Bí ohun tó ṣẹ́ kù kò bá jẹ́ 1, a jẹ́ pé ẹ ti tẹ nǹkan kan ṣì. Àmọ́ bó bá jẹ́ IBAN ẹlòmíì lẹ tẹ̀ láìṣì í, ìṣirò ò ní bi yín ní nǹkan kan.

NUBAN ni tiwa, nọ́ńbà mẹ́wàá, tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2010. Ìkẹwàá ni wọ́n fi ń yẹ ìyókù wò, ẹ ò rí i pé àwa náà gbọ́n! Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sí àyè IBAN, kò ní gbà á. Ẹ yan Nàìjíríà, kí ẹ kọ orúkọ Màámi bó ṣe wà ní báǹkì (kì í ṣe Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ o), NUBAN wọn, àti kóòdù SWIFT báǹkì náà, èyí tí gígùn rẹ̀ máa ń jẹ́ 8 tàbí 11, tí NG wà láàárín rẹ̀. Báǹkì tí owó bá gbà kọjá lè yọ tiẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ fi díẹ̀ lé e.

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Káfíńtà ti wọn òrùlé tán, òjò sì ti ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ fowó ránṣẹ́.

Àbúrò yín ní Ìbàdàn