Ojú Kan fún Gbogbo Ẹgbẹ́

Ayàwòrán Jikpan, mo kí ọ o! Mo kí ọ tìlùtìfọn, mo kí ọ tayọ̀tayọ̀.

Olójú-kan-tó-tó-gbogbo-ẹgbẹ́,
Fìka-kan-ṣoṣo-ya-ayé,
Ọ̀gá tí í ní "ó ku díẹ̀" láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi wọlé,
ìwọ lo jókòó sí Jikpan ní Minna, tí o ń dá ojú fún ọmọ aráyé.
Ọbàtálá fi amọ̀ mọ tirẹ̀;
ìwọ fi ìka ìlábẹ̀ mọ tìrẹ lórí gíláàsì fóònù tó ti là.
Wọ́n ní ẹmu ni Ọbàtálá mu lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yà.
Ìwọ kò fẹnu kan ẹmu rí, omi inú ọ̀rá ni tìrẹ,
ọwọ́ rẹ sì yà láìmu nǹkan kan.
Ta ni ó tún tó bẹ́ẹ̀?

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ lè mọ̀ ọ́: àwa mẹ́rìnlá kan wà tí a jọ ń ja Call of Duty: Mobile, géèmù ogun orí fóònù tí wọ́n gbé jáde ní October 2019. Àwọn kan nínú wa wà ní Minna, àwọn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnì kan ní Kútọnu. A kò mọ ojú ara wa. Ohùn la mọ̀, lóru, lórí Discord tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀, nígbà tí dátà bá rọjú. Ẹni tí kò bá fi àwòrán sílẹ̀ níbẹ̀, àmì aláwọ̀ kan báyìí ni wọ́n á fi dípò ojú rẹ̀, gbogbo irú wọn á sì jọra wọn. Ìyẹn dùn ọ́ dé egungun. O ní ojú kì í ṣe ohun tí ènìyàn mẹ́rìnlá ń pín lò. O ní wàá fún kálukú ní tirẹ̀: ₦3,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦5,000 bí onítọ̀hún bá fẹ́ ọrùn. A sanwó. A dúró. O yà wá.

Gbogbo wa jọra.

Ọ̀kan náà ni àgbọ̀n, ọ̀kan náà ni imú, ọ̀kan náà ni ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí ẹnì kankan nínú wa kò rín rí. Irun ló yàtọ̀: tèmi dà bí aró àlùkò, ti ará Kútọnu dà bí ewé tútù. Balógun wa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé apárí lòun. O fún un ní irun wúrà tó wọ́ dé èjìká. Adá-irun-padà! Oníwòsàn tí kò gba owó oògùn!

Ìṣọ̀kan tí àwọn alágbára ń wá káàkiri, ìwọ fi ìka kan mú un wá. Ní oṣù tó kọjá ẹnì kan sá lójú ogun, ó fi wá sílẹ̀ fún ọ̀tá. Balógun kì í ka orúkọ ìnagijẹ, àwòrán ló ń wò. Ó wò ó títí, kò mọ ẹni tí yóò bá wí, ó bá gbogbo wa wí. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wa, ẹni tó sá náà sì gba tirẹ̀. Ẹgbẹ́ wo ló tún wà ní àlàáfíà bẹ́ẹ̀?

Avatar ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀; àwọn ará Íńdíà ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ìsọ̀kalẹ̀ ni nínú èdè Sanskrit: kí òrìṣà bíi Vishnu gbé ara wọ̀, kó sọ̀ wá sáyé. Richard Garriott mú un wọ inú géèmù Ultima IV ní 1985. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn Lucasfilm Games fi pe àwòrán tí kálukú ń gbé wọ̀ nínú géèmù wọn, Habitat. Láti ọ̀dọ̀ Vishnu títí dé Lucasfilm, kò sí ẹni tó sọ fún wa pé òrìṣà tó ń sọ̀kalẹ̀ lè gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sókè ọ̀run. Ìwọ lo kọ́kọ́ fi hàn.

Kówọ́-sápò!
Káwọ́-sẹ́yìn!
Ọ̀gá tí ìka kì í dà láàmú!
Nínú àwòrán mẹ́rìnlá, mẹ́sàn-án kówọ́ sápò,
mẹ́ta káwọ́ sẹ́yìn,
ọ̀kan fi agbádá bò ó,
ti ará Kútọnu kò ní apá rárá, èéfín ló wà níbẹ̀.
Jagunjagun ni gbogbo wa, ìbọn wa sì ń fò fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wa.

Nígbà tí ẹ̀rọ Stable Diffusion jáde ní August 2022, tí ó ń ya ènìyàn tìka mẹ́fà, tìka méje, aráyé pariwo, wọ́n fi ẹ̀rọ ṣẹ̀sín. Ìwọ kò pariwo. Ẹni tí kò ya ìka, ibo ni àṣìṣe yóò gbà wọlé tọ̀ ọ́?

Mo dé orí ojú báyìí, mo bọ́ fìlà. Ojú ọ̀tún tí o máa ń yà, kò sí ẹni tó lè bá ọ dù ú. Ó ń dán, ìràwọ̀ méjì wà nínú rẹ̀, ó tóbi bí ojú tí Osamu Tezuka fún Astro Boy, ọmọdékùnrin onírin tó dé inú ìwé àwòrán Japan ní 1952. Ọjọ́ mẹ́rin lo fi yà á. Ojú òsì ni ọlá ńlá wà. O yà á lẹ́ẹ̀kíní, ó ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. O pa á rẹ́, o tún un yà. Ó ń wo Zungeru, ọ̀tún ń wo Suleja. O tún pa á rẹ́. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sunkún. Ìwọ fa irun wálẹ̀ láti àárín orí, o fi bo ibẹ̀, o sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá kí ẹnì kankan má baà jowú ẹnìkejì. Olójú-abẹ́-irun! Afàṣírí-pamọ́! Ìyá tí í bo ọmọ rẹ̀ láṣọ kí òtútù tó mú un!

Mo mọ̀ pé iná ni o ń dúró dè. Ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n ń pè ní Ìpínlẹ̀ Iná, orúkọ náà sì tọ́ sí i: Kainji, tó ń fún orílẹ̀-èdè níná láti 1968, mẹ́gáwáàtì 760, Shiroro, láti 1990, mẹ́gáwáàtì 600, Zungeru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wọn, 700. Ìsédò mẹ́ta yí ọ ká bí olórí ogun mẹ́ta, fóònù rẹ sì kú sí ìdajì ojú òsì. O gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀. O dúró títí ó fi fá orí ènìyàn mẹ́jọ. Fóònù jí, o ṣí i, o rí i pé o kò tọ́jú iṣẹ́ náà kí iná tó lọ. O bẹ̀rẹ̀ láti imú. Ẹ gbọ́ o, láti imú ló tún bẹ̀rẹ̀! Kò bínú, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn ránṣẹ́ sí wa pé ó ku díẹ̀.

Minna ni ojú irin tó ti Èkó gòkè bọ̀ àti ojú irin Baro ti pàdé, ó ti lé ní 100 ọdún. Ojú irin méjì pàdé ní Minna. Ojú ènìyàn méjì ṣì ń wá ara wọn ní Jikpan. Òyìnbó ló kánjú. Ìwọ kì í kánjú.

Èjìká ńkọ́? Àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ tí o ń gbé, èjìká ni àwọn obìnrin wọn fi ń ru igi, tí wọ́n fi ń ru omi, nítorí wọ́n ka orí sí ohun ọlá tí a kì í gbé ẹrù lé. O gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju àwọn tó ni ín lọ. Èjìká tí o fún mi, n kò lè fi í gba ẹnu ọ̀nà yàrá mi kọjá àfi bí mo bá dẹ̀gbẹ́. Orí gúnwà sórí rẹ̀ tààrà, kò sí nǹkan kan láàárín. Ẹni tó san ₦3,000 kò gbọdọ̀ bèèrè ọrùn.

Irinṣẹ́ rẹ ni ibisPaint, tí àwọn ará Japan ṣe, tí ènìyàn lè fi ìka lásán yàwòrán ní ìpele-ìpele, bí ẹni ń to ewé ẹ̀kọ léra. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú wa bèèrè gèlè. O ya gèlè náà, ó rẹwà, ìṣẹ́po rẹ̀ tó méje. O yà á sí ìpele tó wà lábẹ́ irun. Láti ìgbà tí àwọn obìnrin wa ti ń wé gèlè, orí irun ni wọ́n ń wé e sí. Ìwọ lo wé irun lé gèlè. Àǹtí náà wò ó lóru ọjọ́ náà, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Tèmi ni mo fẹ́ sọ dójú àmì. Ohun méjì ni mo bẹ̀ ọ́ fún: fìlà abetí-ajá, àti àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi, èyí tí wọn kò kọ fún èmi nítorí ayé ti yí padà. Mo fẹ́ kí ojú bàbá mi wà níbì kan tí mo wà. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ lédè Yorùbá, mo tún un kọ lédè Òyìnbó.

Aránṣọ gbọ́ "abetí-ajá", òfì ló mú.
Ìwọ gbọ́ "abetí-ajá", ajá lo mú.
Etí méjì, onírun, pupa rẹ́súrẹ́sú nínú,
wọ́n nà ró gan-an bí etí ajá tó gbọ́ ẹsẹ̀ olè.
Àbàjà ńkọ́? O ka ìlà náà pé: mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ẹyọ kan kò dín.
Ṣùgbọ́n o kò jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dá wọn dúró.
Wọ́n kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n bọ́ sínú afẹ́fẹ́,
wọ́n tín-ín-rín, wọ́n tẹ̀ lẹ́nu díẹ̀ bí irun ẹnu ológbò.

Ifẹ̀ rọ orí idẹ láyé àtijọ́, wọ́n fi ìlà wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, kò sí ìlà kan tó ronú àtijáde nílé. Ìwọ lo fún ìlà ní òmìnira. Ajá àti ológbò tí wọn kì í rí ara wọn sójú, o pè wọ́n, o bá wọn parí ìjà, o fi ojú mi ṣe ibi ìpàdé. Onílàjà! Akó-ẹranko-jọ-bíi-Nóà!

Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, nígbà ìsìnkú àkó, wọ́n a máa gbẹ́ ère olóògbé kí ó jọ ọ́ gan-an, wọ́n a wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n a gbé e yí ìlú ká, ẹbí a sì tún sunkún bí ẹni pé àná ló kú. Ká ní ìwọ ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, ẹnì kan kì bá sunkún. Wọn ì bá máa bèèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ta ló kú. Anu-omijé-nù ni ọ́.

Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ₦20, ya alángbá àti ejò sára ìkòkò ní Suleja nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Abuja. Ẹni tó bá rí alángbá rẹ̀ á ní alángbá ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Tìrẹ kì í parí. Òru mẹ́ta la fi jiyàn lórí ohun tó bà lé Balógun léjìká. Ẹnì kan ní ẹyẹ idì ni. Ẹnì kan ní agboòrùn tí wọ́n ká ni. Ará Kútọnu ní ọwọ́ ni, ọwọ́ kan ṣoṣo tí o yà láyé rẹ. Balógun ní òun kò bèèrè nǹkan kan. Èló ni àwòrán tó ń fún ènìyàn mẹ́rìnlá ní ọ̀rọ̀ sọ fún òru mẹ́ta?

Bàtà ni mi ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́fà lo fi ya bàtà mi nìkan. Ihò okùn méjìlá, okùn ń gba inú wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, erùpẹ̀ pupa Minna díẹ̀ sì wà létí àtẹ́lẹsẹ̀. Ní tòótọ́, bàtà náà dára ju ohunkóhun tí mo tíì rí lórí fóònù lọ. Mo gbé àwòrán sórí Discord. Discord gé e róbótó bí ẹni gé iṣu, ó fi imú sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì orúkọ rẹ, tí o fi lẹ́tà funfun gàgàrà kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kí olè má baà jí i. Bàtà wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó rí i. O mọ̀ pé wọn á gé e, o sì yà á. Aṣiṣẹ́-níbi-tí-ojú-ò-tó! Alágbẹ̀dẹ tí í dán ìdí àdá tó wà nínú èèkù!

Mo fi han ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá gba fóònù, wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n sún un jìnnà. Wọn kò bèèrè ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí mà léjìká o." Wọ́n wo àwọn ìlà mẹ́ta-mẹ́ta náà, wọ́n kà wọ́n sábẹ́ ẹnu, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá fi àtàǹpàkò nu irun tó bo ojú òsì, bí ẹni fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

"Ojú yìí, ṣé ó ń dùn ún ni?"

Mo ní rárá, Màmá, wọn ò tíì yà á tán ni.

"Ọlọ́run á bá wọn yà á."

Mo ṣe àmín.

Ayàwòrán Jikpan, iná dé sílùú wa lálẹ́ yìí. Ṣé ó dé lọ́dọ̀ tìrẹ?