Aago Àyálò: Ọdún 2024 ní Ilẹ̀ Peru

Rolex jẹ́ aago ọwọ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Switzerland. Hans Wilsdorf ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1905, kó tó kó o lọ sí Geneva ní 1919. Iṣẹ́ méjì ni aago yìí mọ̀ ọ́n ṣe látilẹ̀wá: ó ń sọ agogo tó lù, ó sì ń kéde fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé ẹni tó wọ òun kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Ní Peru, ní ọdún 2024, ó kọ́ iṣẹ́ kẹta. Ó di ẹlẹ́rìí.

Dina Boluarte, ààrẹ ilẹ̀ náà nígbà náà, ni aago yìí jẹ́rìí lé lórí. Amòfin ni, ọmọ bíbí Chalhuanca ní ẹkùn Apurímac, lórí òkè Andes níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Quechua. Igbákejì ààrẹ ló jẹ́ títí di ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2022, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Pedro Castillo, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láti kéde pé òun tú ilé aṣòfin ká. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ilé aṣòfin ti yọ ọ́ nípò, ọlọ́pàá sì ti mú un lójú ọ̀nà ilé aṣojú ìjọba Mexico. Boluarte búra. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ níbẹ̀, òun sì ni ẹni kẹfà tó jókòó sórí àga náà láti 2016, lẹ́yìn Kuczynski, Vizcarra, Merino tó lo ọjọ́ márùn-ún péré, Sagasti àti Castillo. Àga ààrẹ Peru ti di àga onígbàjámọ̀: bí ẹnì kan ṣe ń dìde ni ẹlòmíràn ń jókòó, irun orí ni oníkálukú sì ń fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Irun náà ni ọdún fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2024, Boluarte lọ sí ìlú Ayacucho, obìnrin méjì já wọ àárín àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, wọ́n sì fa irun ààrẹ lójú gbogbo ayé. Wọn kì í ṣe alátakò tí ẹnikẹ́ni háyà. Ìbátan àwọn tí ìbọn sójà pa ní Ayacucho ni wọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2022, nígbà tí àwọn ará ìlú ń fẹ̀hónú hàn lórí ìyọnípò Castillo, ènìyàn mẹ́wàá ló kú síbẹ̀. Kí ìfẹ̀hónúhàn náà tó rọlẹ̀ ní 2023, àwọn tó kú káàkiri orílẹ̀-èdè ti tó nǹkan bí àádọ́ta. Kí òǹkàwé fi orúkọ Ayacucho yìí sí ìkáwọ́, nítorí ibẹ̀ náà ni aago ti wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, Alberto Otárola tó jẹ́ olórí àwọn mínísítà fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ohùn kan tí wọ́n gbé jáde, níbi tó ti ń bá ọ̀dọ́bìnrin kan tó rí iṣẹ́ ìjọba gbà sọ ọ̀rọ̀ olólùfẹ́. Gustavo Adrianzén bọ́ sípò rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá tó sọ títí ọdún á fi parí. Ní Peru, kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ lọ tí aago fi gbá a dànù.

Ní àárín oṣù Kẹta ni La Encerrona, ètò ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Marco Sifuentes ń darí, gbé ìròyìn jáde pé aago Rolex ń yọ lọ́wọ́ ààrẹ, àti pé kò kọ ọ́ sínú ìwé tó fi kéde dúkìá rẹ̀ fún ìjọba. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i ló yẹ kí a kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ akọ̀ròyìn. Wọn ò fọ́ ilé, wọn ò sì ra ìwé àṣírí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí ọ́fíìsì ààrẹ fúnra rẹ̀ yà, tó sì gbé síta kí aráyé lè rí bí ààrẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, ni wọ́n kó jọ tí wọ́n ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayàwòrán tí ìjọba ń sanwó fún ló ya ẹ̀rí sílẹ̀, ó tan iná sí i, ó sì rí i dájú pé kò bàìbàì.

Boluarte fèsì pé ọwọ́ mímọ́ lòun fi wọ ilé ìjọba, ọwọ́ mímọ́ náà lòun yóò sì fi jáde. Kò sẹ́ni tó jiyàn ọwọ́. Ohun tó wà lọ́rùn ọwọ́ ni wọ́n ń béèrè. Nígbà tí wọ́n béèrè ìyẹn, ó ní aago àtijọ́ ni, pé òógùn òun ni, pé láti ọmọ ọdún 18 lòun ti ń ṣiṣẹ́. Àlàyé náà dùn gbọ́. Ó kù kí aago náà gbà pé òun darúgbó tó bẹ́ẹ̀. Owó oṣù ààrẹ Peru nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 16,000 sol, owó tó tó jẹun dáadáa, tó tó ra aago dáadáa pàápàá, àmọ́ kì í ṣe irú aago yẹn, kì í sì í ṣe Rolex mẹ́ta tí wọ́n ti kà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn olùpẹ̀jọ́ ìjọba pè é kó wá fi aago náà hàn wọ́n. Kò lọ. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì Peru ń ṣọ̀fọ̀ Jésù lọ́wọ́, ọlọ́pàá àti olùpẹ̀jọ́ dé ilé Boluarte ní Surquillo ní ìlú Lima. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi irin gbàǹgbà já a wọlé, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ bí eré bọ́ọ̀lù. Láti ibẹ̀ wọ́n gba ilé ìjọba lọ. Aago ọwọ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe oògùn olóró. Nínú gbogbo ìtàn ìṣèjọba Peru, tí kò sì fìgbà kankan ṣàìní ìtàn, àwọn olùpẹ̀jọ́ kò tíì já ilẹ̀kùn ààrẹ tó wà lórí oyè kí wọ́n tó mọ agogo tó lù.

Ìdáhùn jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Òwe Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Lima kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ààrẹ ní àwọn aago náà kì í ṣe tòun. Ó yá wọn ni. Wilfredo Oscorima, gómìnà Ayacucho, ló yá a. Ó ní àṣìṣe ni òun ṣe láti gbà wọ́n, pé torí kí òun lè ṣojú Peru dáadáa ni, àti pé òun ti dá wọn padà. Ó pe gómìnà náà ní “wayki”.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn olóṣèlú ti ba orúkọ ẹbí jẹ́ níbi gbogbo. Arákùnrin ni wayki ń jẹ́ ní èdè Quechua, ṣùgbọ́n gírámà èdè náà pààlà: ọkùnrin ló ń pe arákùnrin rẹ̀ ní wayki, turi ni obìnrin ń pe tirẹ̀. Ní ìgboro, wọ́n ti sọ wayki di “ọ̀rẹ́ mi àtàtà”, bí àwọn èrò ọkọ̀ ṣe ń pe ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ní “bọ̀ọ̀dá”. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bọ̀ọ̀dá inú ọkọ̀ kì í bọ́ Rolex lọ́wọ́ fúnni.

Yíyá nǹkan lò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ènìyàn ń yá ìkòkò ńlá fún ìnáwó, ó ń yá àga, ó ń yá gèlè. Òfin ìyálò kò ju méjì lọ: ẹni tó yá gèlè kì í sọ pé òógùn òun ni, ẹni tó yáni ní gèlè kì í sì í gbàgbé ẹni tó wé e lọ sóde. Ìkejì ni àwọn olùpẹ̀jọ́ dì mú. Ní òpin oṣù Karùn-ún, Juan Villena tó jẹ́ adelé olórí wọn fẹ̀sùn kan Boluarte níwájú ilé aṣòfin pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni àwọn aago náà, pé owó ìjọba tí wọ́n buwọ́ lù fún ẹkùn Ayacucho ló wà lẹ́yìn wọn. Ààrẹ àti gómìnà ní rárá o, ìfẹ́ ni.

Ayacucho. Ìlú tí wọ́n ti gbé òkú mẹ́wàá. Ìlú tí àwọn obìnrin ti fi ọwọ́ ara wọn wá irun ààrẹ lọ, nítorí pé ilé ẹjọ́ kò dá wọn lóhùn. Láti ìlú yẹn gan-an ni ẹ̀bùn ti ń bọ̀ wá sọ́rùn ọwọ́ ẹni tó pàṣẹ fún sójà. Àwọn ará ibẹ̀ béèrè pé ta ló pa ọmọ àwọn, aago ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan nínú èyí, ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín síbẹ̀ kò ní ojú àánú.

Bí òfin Peru ṣe ń ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọlẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1993, ní abala 117, sọ pé ẹ̀sùn díẹ̀ péré ni wọ́n lè torí rẹ̀ gbé ààrẹ tó wà lórí oyè lọ sílé ẹjọ́: ìdalẹ̀, dídí ìdìbò lọ́wọ́, títú ilé aṣòfin ká lọ́nà àìtọ́ àti irú bẹ́ẹ̀. Aago kò sí níbẹ̀. Àmọ́ abala 113 gba ilé aṣòfin láyè láti yọ ààrẹ nítorí “àìpé ìwà”, ọ̀rọ̀ tó gbòòrò tó aṣọ agbádá, bí 87 nínú aṣòfin 130 bá ti fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé ibo ló ń sọ ẹni tí ìwà rẹ̀ pé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ibo kò pé, ìwà ààrẹ sì pé. Ilé aṣòfin kan náà yóò wo ìwà ọ̀hún wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní oru mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2025, yóò sì rí i pé kò pé mọ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 2024, ọlọ́pàá mú Nicanor Boluarte, ẹ̀gbọ́n ààrẹ, lórí ẹ̀sùn pé ó ń fi orúkọ ìjọba kó ẹgbẹ́ òṣèlú jọ. Wọ́n fi orúkọ “àwọn wayki inú òkùnkùn” pe ẹjọ́ náà. Wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní àkókò kan náà ni ìjọba tú ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń ran àwọn olùpẹ̀jọ́ lọ́wọ́ ká, wọ́n sì jáwèé gbélé-ẹ fún Harvey Colchado, ọ̀gá ọlọ́pàá tó léwájú níbi tí wọ́n ti já ilẹ̀kùn Surquillo. Lára ohun tí wọ́n wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ ni kéèkì ọjọ́ ìbí kan tí wọ́n fi ṣe àwòrán bó ṣe ń wọ ilé ààrẹ. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tí kò rí ẹni tó yìnbọn ní Ayacucho mú rí kéèkì mú.

Ọjọ́ 28 oṣù Keje ni àyájọ́ òmìnira Peru, ọjọ́ náà ni ààrẹ máa ń bá ilé aṣòfin sọ̀rọ̀. Boluarte ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a wí. Ó ti dá àwọn aago padà.

Ní oṣù Kẹjọ, òfin tuntun méjì jáde láti ilé aṣòfin. Ọ̀kan ní kí wọ́n má ṣe pe ìwà ìkà tó wáyé ṣáájú oṣù Keje 2002 ní ẹ̀ṣẹ̀ sí ìran ènìyàn mọ́. Èkejì dín ohun tí wọ́n lè pè ní ẹgbẹ́ ọ̀daràn kù, ó sì ní kí agbẹjọ́rò onílé wà níbẹ̀ kí ọlọ́pàá tó tú ilé wò. Àwọn tó rí bí ilẹ̀kùn Surquillo ṣe já kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n rò. Wọ́n sọ ọ́ dòfin ni. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 11, Alberto Fujimori kú ní ẹni ọdún 86. Ààrẹ láti 1990 sí 2000 ni, ẹni tó fi fáàsì kọ̀wé fipò sílẹ̀ láti Japan, tí ilé ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 25 fún nítorí ìpànìyàn Barrios Altos àti La Cantuta. Ìjọba kéde ọ̀fọ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un. Àwọn òkú Ayacucho kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ní Lima, àwọn afipá-gbowó ń bu owó lé àwọn oníbọ́ọ̀sì, ẹni tí kò bá san án ń gba ọta ìbọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án àti ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, àwọn awakọ̀ gbé bọ́ọ̀sì wọn pamọ́, wọ́n sì ní kí ilé aṣòfin fagi lé òfin ẹgbẹ́ ọ̀daràn náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, ilé ẹjọ́ rán Alejandro Toledo, ààrẹ àná mìíràn, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 20 àti oṣù mẹ́fà nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ilé iṣẹ́ Odebrecht ti Brazil. Barbadillo ni wọ́n dá a padà sí, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Castillo náà wà. Ní oṣù Kọkànlá, Xi Jinping, ààrẹ ilẹ̀ China, wá sí Lima fún ìpàdé APEC, òun àti Boluarte sì jókòó sí ilé ìjọba ṣí èbúté Chancay láti ojú fídíò. Èbúté náà kò jìn sí Lima púpọ̀, àmọ́ àwọn oníbọ́ọ̀sì tún ń yan iṣẹ́ lódì.

Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ní oṣù Kejìlá, lẹ́yìn tí Otárola ti sọ fún olùpẹ̀jọ́, Boluarte jẹ́wọ́ pé òun ṣe iṣẹ́ abẹ imú ní 2023 láìsọ fún ilé aṣòfin. Ó ní kì í ṣe torí ẹwà, torí àtimí dáadáa ni. Nígbà náà, àwọn tó fara mọ́ ìjọba rẹ̀ nínú ìwádìí èrò ará ìlú kò tó 5 nínú 100 mọ́. Àsìkò kan náà ló kọ́ àwọn obìnrin Peru pé 10 sol tó se ọbẹ̀ àti oúnjẹ gidi, kó sì tún ku ti ìpápánu dídùn.

Ní oṣù Keje 2025, ìjọba rẹ̀ sọ owó oṣù ààrẹ di 35,568 sol. Bí a bá fi ìwọ̀n tirẹ̀ wọ̀n ọ́n, owó náà yóò se ìkòkò 3,556, yóò sì ku 8 sol tí a lè fi wọ bọ́ọ̀sì, bí àwọn afipá-gbowó bá jẹ́ kí bọ́ọ̀sì jáde lọ́jọ́ náà.